Fìlà fún Orí Tí Mi Ò Rí

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kejì, 1982. Ìsẹ́yìn.

Bàbá Kìṣí ti lọ. Ọkọ̀ ìdájí ni wọ́n wọ̀. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi sùn níbí, wọn ò sì tú ẹrù wọn rárá — wọ́n ní àwọn ò wá kí mi, àwọn wá mú mi lọ ni.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní girama. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá. Ó ku èmi, ó ku ilé, ó ku ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Fàtímọ̀, ọmọbìnrin kì í dá ilé gbé. Ta ni yóò gbọ́ bí o bá pariwo?" Mo ní mi ò ní ohun tí mo fẹ́ pariwo sí. Mo ní mò ń rán fìlà bíi ti bàbá mi, mò ń tà á, mi ò tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ta lò ń tà á fún?" Mo ní àwọn ènìyàn. "Àwọn ènìyàn wo?" Mi ò lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan.

Níkẹyìn wọ́n rọ̀ díẹ̀. Bí kọ́ńpìnnì Èkó tó ń bá mi ta fìlà bá tún gbé fìlà mi sínú ìwé àwòrán ọjà wọn tuntun, kí n máa gbé ilé bàbá mi lọ, àwọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọn ò bá gbé e, kí n ti wà ní Kìṣí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn lè gba ayálégbé sí ilé yìí. Wọ́n ń fọwọ́ tẹ ògiri bí wọ́n ti ń sọ ọ́, bí ẹni tí ń tẹ ẹran lẹ́yìn kó tó ná an.

Mi ò fẹ́ lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i: mi ò fẹ́ lọ.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kejì

Orí mẹ́ta ló dé lónìí.

Bí mo ṣe ń kà wọ́n nìyẹn. Kọ́ńpìnnì kì í sọ orúkọ oníbàárà fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ fìlà yóò wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, yóò kọ̀wé sí Èkó. Èkó yóò kọ̀wé sí mi. Nọ́ńbà ẹni náà, irú fìlà, àwọ̀, ìwọ̀n orí ní íńṣì — ó tán. Èmi náà, nọ́ńbà ni mo jẹ́ sí wọn. Olùtajà 57. Mo rán fìlà, mo dì í, mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó di Èkó. Láti Èkó ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni orí. Ẹnikẹ́ni ò rí ẹnikẹ́ni.

318 tún wà nínú àwọn ti òní. Gọ̀bì, ẹtù dúdú. Íńṣì mẹ́rìnlélógún. Baba Mẹ́rìnlélógún ni mo ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rẹ̀ rèé. Ẹni tí orí rẹ̀ tó báyẹn, mo gbà pé ó ga, mo gbà pé ó máa ń tẹrí ba bó bá fẹ́ wọlé.

Mo lọ gba òfì lọ́wọ́ Bàbá Àdìgún ahunṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ariwo òfì ti di wọ́n létí láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í sọ̀rọ̀. Mo na ìka sí ẹtù, mo na ìka sí sányán. Wọ́n mi orí. Ó parí.

Mo ra kúlíkúlí lọ́wọ́ Ìyá Àwáwù tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Mẹ́ta-mẹ́ta sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀, mo fi í sí ikùn fìlà kọ̀ọ̀kan kí n tó dì í. Èènì ni. Bàbá mi ò ta fìlà kan rí láìfún ẹni tó rà á ní nǹkan mú lọ. Wọ́n ní ọjà tí kò ní èènì dà bí ìkíni tí wọn ò jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kejì

Ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé tó wà nídìí fèrèsé, Mọ́ládé, rí mi láti ọ̀nà jíjìn. "Ìyàwó Èkó ti dé! Ọkọ ẹ ò kọ̀wé sí ẹ lónìí o!" Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n fún un lésì. Èsì náà dé sí mi lẹ́nu nígbà tí mo délé: pé ọkọ mi kì í kọ̀wé, fìlà ló ń gbà.

Mo sọ ọ́ fún ògiri. Ó dùn bí mo ṣe rò.

Àìkú, 7 oṣù kejì

Fìlà méjì. Ọyẹ́. Ètè mi là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kejì

Ìwé èsì dé! Bí oníbàárà bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ, Èkó máa ń gé ibẹ̀ lára ìwé rẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí olùtajà. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ nǹkan kan. Baba Mẹ́rìnlélógún sọ̀rọ̀ nípa fìlà tó gbà kẹ́yìn:

"Fìlà bá orí mi mu. Kúlíkúlí náà dùn. Ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Ìyá Àwáwù ni." Ketekete, nínú yàrá, bí ẹni pé ó jókòó níwájú mi.

Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àwáwù. Wọ́n fi ọmọ ọlọ sílẹ̀. "Èkó ń jẹ kúlíkúlí mi? Ṣé ó níyàwó? Bí kò bá ní, sọ fún un pé opó ni mí, eyín mi pé." Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Nígbà tí mo padà wọlé, mo rántí pé mi ò lè sọ fún un. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá a lóhùn. Ó béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà dúró sọ́dọ̀ mi.

Jímọ̀, 12 oṣù kejì

Mo dé ẹtù tuntun lé orí akèrègbè tí bàbá mi máa ń fi na fìlà. Mo kí i káàárọ̀.

Mi ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Jímọ̀, 19 oṣù kejì

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Kọ́ńpìnnì kọ̀wé. Eku wọ ilé ìkẹ́rùsí wọn l'Ékòó. Wọ́n ní òórùn oúnjẹ tó wà nínú ẹrù Olùtajà 57 ló fà wọ́n wọlé. Ẹrù tèmi ni àwọn eku náà kọ́kọ́ tú. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn ò padà síbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n jẹ bàtà aláwọ olùtajà kan. Wọ́n bímọ sínú léèsì ẹlòmíràn. Kọ́ńpìnnì ò ní fi orí kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́ títí ẹnì kan yóò fi wá wo ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó mọ̀ bóyá n ó wà nínú ìwé tuntun tàbí n kò ní sí níbẹ̀.

Mo kà á lórí ìdúró. Mo jókòó, mo tún un kà. Ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fi kúlíkúlí sí i. Lọ́dún tó kọjá, àkẹ́kù òfì ni mo ń fi ṣe èènì. Èmi ni mo ní kí n ṣe dáadáa sí i.

Ìyá Àwáwù ní, "Eku Èkó náà mọ ohun tó dáa." Lẹ́yìn náà wọ́n wo ojú mi, wọ́n padà sídìí ọlọ.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kejì

Kò sí orí. Oòrùn ń jó páànù. Bàbá Àdìgún na òfì sókè bí mo ti ń kọjá, ìyẹn ni pé ṣé n ò gbà ni. Mo mi orí. Wọ́n ká a díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e sápá kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí hun òmíràn.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹta

Ògúndèjì, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kìṣí, yà sílé. Eruku ọ̀nà ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Bàbá yín ní Kìṣí ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti gbá yàrá o. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ya ilé yìí ti wà, tíṣà ni, ó ní ìwà." Mo ní kó bá mi kí wọn. Ó ní, "Ṣé kíkí náà nìkan ni?" Mo ní kíkí náà nìkan ni.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹta

Wòléwòlé ti dé, ó ti lọ. N ó kọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Isaac lorúkọ rẹ̀. Mo ti ń pè é ní Wòléwòlé láti ọjọ́ tí mo ti ń retí rẹ̀, mo rò pé àgbàlagbà abìkùn-ńlá ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Awò wà lójú rẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀nà sì ti bo awò náà, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún tí ó tún ń fi erùpẹ̀ kún un. Mo fún un lómi. Ó mu ún tán lórí ìdúró.

Ó ṣí báàgì. Ó yọ fìlà méjì sórí tábìlì. Eku ti jẹ àwùjẹ̀ ọ̀kan, ìka mi mẹ́rin wọ inú ihò náà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó wo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹtù Baba Mẹ́rìnlélógún.

Ó ní ṣé èmi ni mo rán an. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé èmi ni mo fi oúnjẹ sí i. Àyè wà láti parọ́ — ẹrù ń gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá. Mo ní èmi ni.

"Kí ló dé?"

"Èènì ni."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò lójú. "Èènì! Ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀gá wa ṣèpàdé lé yín lórí? Wọ́n ní ọ̀tá ló rán yín sí wọn. Wọ́n ní ẹnì kan ń lò yín láti ba ọjà jẹ́. Ìpàdé ọ̀sán títí di alẹ́! Èènì ni, ẹ wò ó!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ gbogbo ilé wò. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo àjà. Kò rí eku. Mo po gàrí fún un, mo sì gbé kúlíkúlí tì í nítorí kò sí nǹkan mìíràn nílé. Ó wo kúlíkúlí náà, ó wò mí. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí rèé." Ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Bó ti ń fọ ọwọ́ ló di ẹni òfin padà. Ó ní, "Sísí, ẹ gbọ́. Ìyá tèmi náà ń bu èènì, ní Ṣakí níbí. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi ń rí ojú ẹni tó ń bù ú fún. Ẹ̀yin ò rí i. Ẹni tó bá gbà á yóò dúpẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù lọ́nà yóò ní a jí nǹkan òun, tiwa ni wàhálà." Ó ní fìlà nìkan, láti òní lọ. Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ, kò gbọdọ̀ sí àkẹ́kù aṣọ. "Kódà bébà tí ẹ kọ 'ẹ ṣé' sí, ẹ má fi sí i." Ó ní kí n fi ẹnu mi ṣèlérí. Mo ṣèlérí.

Ó ku díẹ̀ kó lọ, ó ní, "Ta ló ń bá yín gbé?" Mo ní kò sí. Ó ní ẹ̀rù kì í bà mí ni? Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rù." Ó dúró kí n parí rẹ̀. Ọkọ̀ Ìbàdàn fọn fèrè, ó sáré.

Àìkú, 7 oṣù kẹta

Àga tó jókòó lé ṣì wà níbi tó tì í sí, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò tì í padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹta

Mo ti tì í padà.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹta

Wọ́n gbà mí!

Mọ́ládé ló na ìwé náà sí mi. "Ọkọ ẹ ti rántí ẹ o!" Mo ya á níbẹ̀. Mo wà nínú ìwé àwòrán tuntun. Wọ́n fi ojú ewé kan ránṣẹ́: gọ̀bì mi, àwòrán aláwọ̀, ó ń dán bí ẹyẹ. Nísàlẹ̀: 57.

Ilé di tèmi. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo dé. Mo ní, "Bàbá, wọ́n gbà." Mo gbá ilé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ra ẹja, mo sè é, mo bu abọ́ méjì kí n tó rántí. Mo da ọ̀kan padà sínú ìkòkò.

Ohun kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí mi ò fiyè sí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní nítorí pé iṣẹ́ ti pọ̀, àwọn ò ní máa gé èsì oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn olùtajà mọ́. Olùtajà kò nílò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹta

Orí mẹ́sàn-án. Kò tíì pọ̀ tó báyìí rí. Àwòrán aláwọ̀ náà ni. 318 wà níbẹ̀ — wọ́n ní kí n rán òmíràn fún un dípò èyí tí eku jẹ.

Jímọ̀, 26 oṣù kẹta

Mo rán ti Baba Mẹ́rìnlélógún kẹ́yìn. Inú fìlà ṣófo. Mi ò mọ ohun tí n ó fi ọwọ́ mi ṣe kí n tó dì í. Mo tẹ inú rẹ̀ níwájú, níbi tí iwájú orí rẹ̀ yóò wà, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú òfin wọn. Mo dì í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹta

Rírán. Dídì.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kẹrin

Ìyá Àwáwù kanlẹ̀kùn láàárọ̀ yìí. "Fàtímọ̀, ṣé o wà?" Mo lanu láti jẹ́ wọn. Ohùn ò jáde. Kì í ṣe àìsàn, ọ̀fun ò dùn mí. Mo húkọ́, mo tún lanu, nǹkan kan han jáde bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbé ohùn ẹ sínú ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo jókòó sórí ìloro. Mo ń ro ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, mo ní "Ẹ gba ẹrù." Ọjọ́ Ajé nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí ò tíì tó báyìí, mo máa ń retí pé bó bá tó, nǹkan yóò yàtọ̀. Ó ti wá tó. Ilé jẹ́ tèmi, fìlà ń lọ. Bó ṣe máa rí nìyí.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó lágbára. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́ kó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Òjò ti rọ̀, mo sì wà nínú ilé bàbá mi, bí àdéhùn.

Ògúndèjì kọjá nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ ti rọ́pò eruku lára ọkọ̀. Mo jáde sí i kó tó fọn fèrè. Mo ní kó sọ fún Bàbá Kìṣí pé mò ń bọ̀. Ó ní, "Kíkí ni àbí bíbọ̀ ni?" Mo ní bíbọ̀ ni. Ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tó bọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹrin

Bàbá Kìṣí fúnra wọn wá. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lé ẹ ni?" Mo ní wọ́n gbà mí. Mo fi àwòrán náà hàn wọ́n. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Inú bí wọn díẹ̀. "Èmi ti mú ọkàn kúrò. Mo ti lé tíṣà náà padà, mo ti jìyà èébú rẹ̀. Kí ló wá dé?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tó gún régé, mo tiẹ̀ jáde girama, mi ò rí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ò sí níbí mọ́, Bàbá. Ilé dákẹ́."

Wọ́n wo ìloro títí. Wọn ò fọwọ́ tẹ ògiri lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kẹrin

Mo kọ̀wé sí Èkó pé kí wọ́n yọ 57. Àwọn orí tó kù lọ́wọ́ mi, mo ti rán wọn tán.

Bàbá Àdìgún rí mi pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n dá òfì dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ — láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò gbọ́ ohùn wọn rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa gba ẹtù?" Ohùn náà le jù, bí ti gbogbo adití. Mo fi ọwọ́ hàn pé n ó máa ránni wá gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyá Àwáwù sunkún, wọ́n ní ata ni.

Bàbá Kìṣí ti bẹ tíṣà náà padà, òun ló gba kọ́kọ́rọ́. Ó ti ń wo ibi tí yóò kan ìṣó sí kí n tó jáde. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ èyí.

Jímọ̀, 16 oṣù kẹrin. Kìṣí.

Ọjà àkọ́kọ́ mi. Ìyàwó Bàbá Kìṣí fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò ọkà wọn. Mo tẹ́ fìlà mẹ́fà. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò pé mo ti fi ilé bàbá mi tọrẹ lásán.

Obìnrin kan wá dúró, ó sanra, ó mú ewúrẹ́ kan dání lókùn. Ó mú fìlà àlàárì, ó gbé e dé orí ara rẹ̀ lórí gèlè, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹyẹ lo wọ̀n ni?" Mo ní kí wọ́n gbé orí tí yóò dé e wá, Mà, kí n wọ̀n ọ́n. Ẹnu mi ni! Àwọn tó wà nítòsí hó. Ó ní, "Ṣé orí ọkọ mi lò ń bú?" Mo ní mi ò tíì rí i, bí mo bá rí i n ó mọ̀ bóyá ó tó èébú. Ó pè mí ní aláfojúdi. Ó ná an. Mi ò gbà. Ó bínú lọ, ewúrẹ́ kọ̀, ó fà á. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu, ó padà. Ó tún ná an. Ó pè mí ní ọ̀kánjúwà. Ó lọ, ó padà. Ohùn mi ti há, mo sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Níkẹyìn ó ní, "Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an, tó o lágídí báyìí?" Mo ní ọmọ Ràsáàkì aránfìlà ni mí, ní Ìsẹ́yìn. Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ó ní kí n sún, oòrùn ń pa òun. Ó jókòó tì mí lórí àpò ọkà, ó so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi.

A ò tíì fẹnu kò títí mo fi palẹ̀ mọ́. Ó ní kí n má dán an wò kí n tà á fún ẹlòmíràn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jà tó ń bọ̀ wá bá mi parí ìjà.